Fàsílátù àti Fèrè Èéfín

Kì í ṣe pé n kò mọ oore, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìdí ààrò gàrí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ, tí gbogbo aṣọ funfun ilé rẹ wá ń pọ́n bí aṣọ ọlọ́dẹ, o gbọ́dọ̀ bínú díẹ̀. Èmi bínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tísà ni mí ní Ẹdẹ, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo sì ń lọ. Aṣọ funfun ni a máa ń wọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tí a bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mo lè fọ aṣọ yìí kí ó mọ́ tónítóní, kí n sá a, kí n jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ òròmọdìẹ. Bí atẹ́gùn bá ti lè yíjú láti ẹ̀yìn ilé Fàsílátù báyìí, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. N ó lọ sí ìdí ògiri, n ó fi ohùn líle pè é. Òun náà yóò yọjú láti inú èéfín, yóò ní kí n má bínú, kí n wá gba gàrí gbígbóná. Kí ni èèyàn tún fẹ́ sọ lẹ́yìn gàrí gbígbóná?

Bí èmi àti Fàsílátù ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ìyàwó Ràṣídì ni, òun ló bí Fawziyah. Ọmọ ìlú Alajue ni, wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ẹdẹ nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì mọ́ rekete. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ìdí ààrò lé e lọ́wọ́. Ìdí ààrò náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Abà ńlá kan ni, tí wọ́n fi páànù àtijọ́ bò lórí, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń yan gàrí nínú rẹ̀, kálukú nídìí ààrò tirẹ̀. Ìyá ọkọ Fàsílátù ni ìyá ààrò gbogbo wọn, nígbà tó sì kú, Fàsílátù ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Oyè yìí kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kò sì ní fìlà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bí àwọn obìnrin abà bá ti fẹnu kò sórí ohun kan, ìyá ààrò ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n lé oníjà kan kúrò, ìyá ààrò ni yóò bu omi pa iná rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wó ààrò tó ti sán, òun ni yóò gbé ọkọ́ tì í. Kò gbọdọ̀ rán ọmọ, kò gbọdọ̀ bẹ ọkọ. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ìyá ààrò ló ṣe é, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ lọ́la pé lágbájá ló ṣe òun. Mo máa ń sọ fún Fàsílátù pé ìyà ni wọ́n fi jẹ, kì í ṣe oyè. Á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yẹn, èéfín wọn kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin inú abà kò pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń yan gàrí, o lè rí èéfín náà kí ó rọra tẹ̀ sí ọ̀nà odò Ọ̀ṣun, kí ó sì pòórá. Igi ìdáná kò jìnnà nígbà náà. Ìdí odò ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ. Ràṣídì kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí. Ilé búrẹ́dì ńlá kan ní Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kóná sí ààrò wọn. Ọkùnrin tó máa ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára kó tó wọ mọ́tò bọ̀ nílé ni, tó sì máa ń mú búrẹ́dì gbígbóná kan bọ̀ lábẹ́ abíyá fún Fawziyah ní ọjọ́ Jímọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà gbàjọba, wọ́n ní owó ìlú ti tán, kí kálukú di ìgbànú rẹ̀ le. A dì í. Wọ́n tún ní kò tíì le tó. Wọ́n ní kí ìrẹsì má wọlé láti òkè òkun mọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí àlìkámà náà má wọlé. Àwọn tó pàṣẹ yìí, n kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Ilé búrẹ́dì tí Ràṣídì ti ń ṣiṣẹ́ kò rí ìyẹ̀fun mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé ná. "Ná" yẹn ni Ràṣídì gbẹ́kẹ̀ lé. Ó máa ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti lọ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i, títí tí kò fi rí owó mọ́tò mọ́.

Nígbà tí kò sí ìrẹsì, tí kò sí búrẹ́dì, gàrí ni gbogbo ayé yíjú sí. Èmi tísà tí ìjọba kò sanwó fún, gàrí. Àlùfáà, gàrí. Àwọn tó ń fi gàrí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ni, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé ìdí abà láàárọ̀. Gbogbo obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́ mọ́ wá ń bẹ Fàsílátù pé kí ó jẹ́ kí àwọn náà mọ ààrò kan. Wọ́n fa abà gùn sí ọ̀tún, wọ́n fà á gùn sí òsì, ó kù díẹ̀ kí ó wọ yàrá mi. Igi ìdí odò tán. Wọ́n lọ ń ra igi ní ìlú Ara. Ti Ara náà jìnnà, ọkọ̀ akẹ́rù wá ń kó o láti ẹ̀yìn ìlú Awo. Èéfín ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo ni ìjọba pa ní Òṣogbo, ogún èéfín ló jí dìde lẹ́yìn ilé mi. Láti òkè ọ̀nà reluwé, bí o bá wo àdúgbò wa ní ọ̀sán, o kò ní rí òrùlé. Òjò àkọ́rọ̀ tó ń ṣàn láti orí páànù wa dúdú bí omi aró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹni tí ń yan gàrí kì í dojú kọ iná. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi jókòó, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè fi àkúfọ́ igbá ro gàrí nínú agbada. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń gba ooru àti èéfín. Ojú òsì Fàsílátù kọ́kọ́ ń ṣomi, ó wá ń pọ́n, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ta wàrà sí i. Ó ní kò ṣe nǹkan, ọ̀kan ṣì wà. Nígbà tí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, èmi ni mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo.

Dókítà náà jẹ́ ọmọ dáadáa, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ọmọdé. Ó ní ti òsì ti lọ. Ó ní ti ọ̀tún lè dúró bí ó bá kúrò nínú èéfín, ṣùgbọ́n bí ó bá padà síbẹ̀, òun kò ní oògùn tí yóò dí èéfín lọ́nà. Fàsílátù bi í bóyá ó ní iṣẹ́ mìíràn tí òun lè ṣe. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tó rí i pé kò ṣeré, ó wolẹ̀.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ kíkan. Mo ní kí ó fi ìdí ààrò sílẹ̀, kí ó máa ta ọṣẹ. Ó ní ọṣẹ wo, ta ló ń ra ọṣẹ. Mo ní kí ó jókòó sílé. Ó ní kí wọ́n máa jẹ kí ni. Èmi gan-an kò tíì gba owó oṣù. Ó wá gbá mi lórúnkún, ó ní, "Ìyá Tèmídayọ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omi ojú lásán ni." Inú bí mi sí òwe yẹn lọ́jọ́ náà. Ebi ló há a mọ́ ibẹ̀, èmi àti òun la sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí kò lè gbà ni Ràṣídì. Ọ̀rọ̀ dókítà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ìgbà tó ti ń jókòó nílé, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gbé e dìde. Ó ní ẹni tó bá ti kóná sí ààrò búrẹ́dì rí mọ bí wọ́n ṣe ń darí èéfín. Ó ṣí páànù kúrò lórí balùwẹ̀ ara rẹ̀, ó ká a bíi fèrè, ó fi ìṣó kàn án pọ̀, ó mọ amọ̀ yí àwọn ààrò ká kí èéfín wọn lè pàdé, ó sì na fèrè náà jáde ní òrùlé abà, ó ga ju igi ọsàn mi lọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé ọkọ̀ ojú irin ló fẹ́ kọ́ ni. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Fèrè Ràṣídì.

Fèrè Ràṣídì ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáná sí i, gbogbo wa dúró láti wò ó. Èéfín yí po díẹ̀ nínú abà bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà, ó wá rí ihò náà, ó sì gbéra lọ sókè fùú. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo rí ògiri ẹ̀yìn abà, n kò mọ̀ pé ó ní fèrèsé. Ojú ọ̀tún Fàsílátù dáwọ́ omi dúró, kó tó pẹ́ ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ràṣídì wá ń rìn bí ọkùnrin tí wọ́n ti gbà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aṣọ mi wá funfun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níwájú ìjọ, n kò sì sọ fún wọn pé nítorí aṣọ ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wa gbàgbé. Lókè inú abà yẹn, àjà kan wà tó gùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń so àgbàdo wọn rọ̀ sí lẹ́yìn ìkórè, àti èyí tí wọ́n máa jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àti èyí tí wọ́n máa gbìn bí òjò bá dé. Láti ayé ìyá ọkọ Fàsílátù, kòkòrò kan kì í dé ibẹ̀. Èéfín ni kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. A bú èéfín náà títí, kò sí ẹnì kan tó rántí pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọdún yẹn, wọ́n so àgbàdo bí ìṣe wọn. Èéfín ń gba inú fèrè lọ, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sórí àjà. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí wọ́n wá sọ àgbàdo kalẹ̀, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀. Ṣírí tí o bá mú, kòkòrò á máa rìn jáde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Oògùn tí wọ́n ń fín sí àgbàdo wà ní ọjà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á láyé ìgbànú dídì yẹn, ó sàn kí o ra àgbàdo mìíràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Sàrátù. Ààrò rẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Fàsílátù. Opó ni, ó bí ọmọ púpọ̀, gbogbo ohun tó rí lóko ọkọ rẹ̀ tó kú, orí àjà yẹn ló kó o sí.

Wọ́n pàdé nínú abà lẹ́yìn ìrun Ásàrì. Èmi dúró sí ìdí ògiri mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò ní purọ́. Àwọn kan ní fèrè náà ń jẹ igi jù, nítorí iná rẹ̀ ń jó kíákíá. Òótọ́ ni. Ràṣídì bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun á kọ́ àjà mìíràn síta fún àgbàdo. Wọ́n bi í pé èéfín wo ni yóò lọ sábẹ́ rẹ̀, igi ta sì ni wọn yóò fi dá a, nígbà tí ti gàrí gan-an kò tó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fèrè wà fún ìdí ààrò ìyàwó òun nìkan. Wọ́n ní fèrè kan ló so gbogbo ààrò pọ̀, àjà kan ni. Kò rí páànù mìíràn kọ́ òmíràn, ilé rẹ̀ ti di ìhòhò.

Lẹ́yìn náà ni Sàrátù dìde. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ fún Fàsílátù kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá ààrò," ó ní, "n kò fẹ́ kí ojú yín fọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà mí síbí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ò lè jẹ ojú yín."

Mo fẹ́ bú Sàrátù láti ìdí ògiri, mo wá bú un tì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú, kò sì sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin fẹnu kò. Wọ́n ní kí wọ́n dí ihò fèrè.

Nígbà tí wọ́n bá sì ti fẹnu kò, ẹ ti mọ ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe é.

Ràṣídì ní òun lòun kọ́ ọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun dí i. Àwọn àgbà obìnrin wo ara wọn. Fàsílátù ní kí ó fi sílẹ̀. Ó ká àpò gàrí àtijọ́ kan, ó tì í sí abíyá, ó gun àkàsọ̀. Ọkọ rẹ̀ di ìdí àkàsọ̀ náà mú. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí orí rẹ̀ nígbà tó yọ sókè òrùlé, mo rí i tó dúró tó ń wo ọ̀nà odò fún ìgbà díẹ̀, ojú kan ṣoṣo. Ó ki àpò bọ inú fèrè, ó fi ọwọ́ rọ́ ọ wọlé dáadáa bí ẹni tí ń fi ewé dí ẹnu ìkòkò. Kò ṣe é ní ìlàjì, bẹ́ẹ̀ ó lè ṣe é ní ìlàjì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó ní kí wọ́n dáná. Mo wọlé lọ sunkún.

Ọjọ́ kejì, Ràṣídì dé abà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Ó da odó kan délẹ̀ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó jókòó lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èéfín kúrò lójú rẹ̀. Odindi ọkùnrin, nínú abà obìnrin! Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri Ẹdẹ. Wọ́n ní kí ó wá fẹ́ àwọn náà. Láàárọ̀ ló ń dé, bí gàrí bá kúrò lórí iná ló ń lọ. Ìrun nìkan ló ń mú un dìde. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n èéfín kì í lọ sí ọ̀run lásán. Èyí tó bá fẹ́ kúrò lójú ìyàwó rẹ̀, ojú Sàrátù ni ó ń wọ̀. Mo rí i. Sàrátù náà rí i. Ó kàn fa gèlè bo imú, ó yíjú sí ògiri, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ìgbà kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síbẹ̀ dípò rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Sójà kan lọ, sójà mìíràn dé, abà kò tutù. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àlìkámà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì Ràṣídì, kò sì sí ẹni tó wá a wá.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, mo gbé igbá lọ ra gàrí ní àsìkò ìrun Ásàrì. Ràṣídì ti lọ kírun. Mo dúró níwájú Fàsílátù, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo juwọ́, kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Nígbà tí mo wúkọ́ ló gbójú sókè, ó ní, "Ìyá Tèmídayọ̀ ni?" Mo na igbá sí i. Ó na ọwọ́ gbà á níbi tí igbá kò sí.

Mo di ọwọ́ náà mú.

"Láti bí oṣù mélòó kan ni," ó ní, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí àwọn yòókù má gbọ́. "Ọwọ́ mi mọ gàrí tó bá ti gbẹ. Ilé ò jìnnà, mo mọ ọ̀nà. Fawziyah nìkan ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá rẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí kò ní sọ, kí ọkùnrin yẹn mọ̀, kí ó dá ọwọ́ dúró, kí àwọn méjèèjì jáde kúrò nínú iná yìí, nígbà tí kò ti sí ohun tí wọ́n ń gbà là mọ́.

Ó ro gàrí rẹ̀ díẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé búrẹ́dì pa," ó ní, "iṣẹ́ kan ṣoṣo tó rí nìyẹn. Bí ó bá mọ̀ pé ojú náà ti lọ, kí ni yóò máa jí fún láàárọ̀?"

Ibẹ̀ ni a wà tí Ràṣídì fi dé. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí odó, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó bi í bóyá èéfín wọ̀ ọ́ lójú nígbà tí òun lọ kírun.

"Kò wọ̀ mí," Fàsílátù ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.